Ẹ jẹ́ kí áàpù lọ́tìrì sọ nọ́ńbà kí wọ́n tó yọ ọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí ẹ tẹ̀ jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí òǹkàwé yín kan ti ń yin sọ́fítíwíà tó rà. Ó ní ó máa ń tú èsì lọ́tìrì àtẹ̀yìnwá palẹ̀, ó sì máa ń sọ nọ́ńbà tó kàn láti já. Ó rọ gbogbo ẹni tó ń ta tẹ́tẹ́ pé kí wọ́n lọ rà á, torí "kọ̀ǹpútà kì í purọ́".

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe jẹun. Ètò tó ń ka ọjà, tó ń sọ èyí tó ń tà àti èyí tó dá dúró sílẹ̀, ni mò ń kọ fún àwọn oníṣòwò. Òótọ́ ni, kọ̀ǹpútà kì í purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá bi í nìkan ló ń dáhùn. Tí a bá bi í ní ìbéèrè tí kò lórí tí kò nídìí, á dá wa lóhùn bákan náà, á sì fi àwọ̀ mèremère sí i tí èèyàn á fi rò pé ọgbọ́n ni.

Kí ni àwọn áàpù yìí ń ṣe gan-an? Wọ́n ń ka iye ìgbà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti já. Èyí tó já jù ni wọ́n ń pè ní gbígbóná, èyí tí kì í já ni tútù. Èyí tó ti pẹ́ tí a ti rí i kẹ́yìn, wọ́n á ní ó jẹ gbèsè, ó ń bọ̀ wá san án. Iṣẹ́ tí ọmọ ilé-ìwé lè fi bíró àti rúlà ṣe ni, kọ̀ǹpútà kàn yá ju ọmọ náà lọ ni. N kò sọ pé kíkà burú. Ọ̀rọ̀ bà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ní iye tí àwọn kà lánàá mọ nǹkan kan nípa ọ̀la.

Ẹ jẹ́ ká mú irú èyí tí wọ́n ti ń yọ nọ́ńbà márùn-ún nínú 90. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́, gbogbo bọ́ọ̀lù 90 ni wọ́n ń kó padà sínú ẹ̀rọ. Èyí tó já lẹ́ẹ̀kan tó kọjá wà níbẹ̀, èyí tí kò já látọjọ́ pípẹ́ náà wà níbẹ̀, ọ̀kan kò wúwo ju èkejì lọ. Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀. Bọ́ọ̀lù kan kò sì lè sọ fún èkejì pé ó ti kan òun. Àǹfààní kan nínú 18 ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní láti wà nínú márùn-ún tó máa já, lójoojúmọ́ ayé.

Ohun tí ojú ń rí gẹ́gẹ́ bí àṣírí, ìṣirò ti mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ń yọ nọ́ńbà yìí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí kò sí màgòmágó kankan níbẹ̀, nọ́ńbà bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ká máa retí pé kò ní já rárá láàárín ọdún kan gbáko. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nígbà mẹ́rin, ẹ lè retí pé lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, ọ̀kan, ó kéré tán, nínú márùn-ún tó já kẹ́yìn ṣáájú á tún yọjú. Bí wọ́n bá yọ ọ́ nígbà márùn-ún, ẹ lè retí pé ẹ ó rí méjì tó tẹ̀lé ara wọn lẹ́ẹ̀kan, bíi 41 àti 42. Áàpù á wá fi ìlà pupa yí i ká, ẹni tó ń wò ó á sì lanu pé, "Ẹ ò rí nǹkan!" Tí àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kò bá ṣẹlẹ̀ rí ni ìfura ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ítálì. Márùn-ún nínú 90 náà ni tiwọn, ìlú bíi mélòó kan sì ní nọ́ńbà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú ti Venice, nọ́ńbà 53 kọ̀ tí kò já láti ọdún 2003. Gbogbo ọdún 2004 lọ, kò já. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni àwọn èèyàn ń fi owó kún owó lórí rẹ̀, torí wọ́n gbà pé bó ṣe ń pẹ́ yẹn gan-an ló fi ń sún mọ́lé. Ọ̀rọ̀ náà di tìlú-tìlú, ìwé ìròyìn ń kà á bí ẹni ń ka ọjọ́ àwẹ̀. Owó tó ti wọlé sórí 53 kí ó tó já tó bílíọ̀nù Yúrò mélòó kan. Àwọn kan jẹ gbèsè tó ju agbára wọn lọ, ìròyìn sì gbé e pé àwọn kan gba ẹ̀mí ara wọn nítorí rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2005 ló tó já.

Mo mọ ohun tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn máa sọ: ṣebí ó pàpà já. Ó já o. Ṣùgbọ́n àǹfààní tó ní lọ́jọ́ tó já kò fi ẹyọ kan ju èyí tó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í retí rẹ̀. Ìdúró wọn kò ra nǹkan kan fún wọn.

Mo ní àbúrò ìyá mi kan tí mo fẹ́ràn gan-an. Èèyàn tí kì í fi ìṣirò ṣeré ni wọ́n. Ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí, tí èsì lọ́tìrì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́, bíró dúdú fún nọ́ńbà, pupa fún èyí tí wọ́n bá ta tó sì já. Pupa ibẹ̀ kò pọ̀. Nígbà tí wọ́n gba áàpù sórí fóònù wọn, wọ́n jókòó fi ọwọ́ ara wọn tẹ gbogbo èsì inú ìwé yẹn sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e wá bá mi. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ tó mọ kọ̀ǹpútà, bá mi wò ó. Ṣé kò dáa?"

Ó dáa lójú lóòótọ́. Àwọn òbìrí-bìrí aláwọ̀ ewé àti pupa ló tò sójú fóònù, ìràwọ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n pè ní bánkà, ìyẹn èyí tí wọ́n ní ó dájú jù pé ó máa já, wọ́n sì kọ 87% sábẹ́ rẹ̀. Mo bi wọ́n pé, "Bọ̀dá, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún kí ni?" Wọn kò mọ̀. A wá a yíká inú áàpù náà, kò sí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́.

Ni mo bá ní kí kọ̀ǹpútà mi yọ nọ́ńbà márùn-ún nínú 90 léraléra, láìsí ìlú, láìsí ọjọ́, nọ́ńbà lásán tí ẹnikẹ́ni kò ta rí. Mo kó o sínú áàpù náà bí ẹni pé èsì lọ́tìrì gidi ni. Kò fura. Òbìrí-bìrí jáde, gbígbóná jáde, tútù jáde, ọ̀kan ti jẹ gbèsè, bánkà gba ìràwọ̀ tirẹ̀, ìdá ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sì tún ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bọ̀dá wò ó títí, wọ́n wá ní, "Ó lè jẹ́ pé kọ̀ǹpútà tìẹ náà ní bó ṣe máa ń yọ tirẹ̀."

Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà bá fúnra rẹ̀ yọ, ìlànà kan ló ti wá, ẹni tó bá sì ráyè dé ìdí ìlànà yẹn lè fi ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Eddie Tipton ti fìgbà kan jẹ́ olórí ààbò kọ̀ǹpútà ní àjọ tó ń bá ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ṣètò lọ́tìrì. Ó ki ọ̀rọ̀ díẹ̀ bọ inú ètò tó ń yọ nọ́ńbà, tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ mẹ́ta pàtó láàárín ọdún, bí ọjọ́ náà bá bọ́ sí Ọjọ́rú tàbí Sátidé, nọ́ńbà tó lè já á dín kù dé ìwọ̀nba tí òun lè kọ sórí ìwé ṣáájú. Ọ̀kan nínú ọjọ́ yẹn ni 29 oṣù Kejìlá ọdún 2010, tí ẹ̀bùn mílíọ̀nù 16.5 dọ́là já. Fídíò ilé ìtajà tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ló tú u fó. Wọ́n dá a lẹ́bi lọ́dún 2015, nígbà tó sì di 2017, wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 25. Gbogbo ọjọ́ yòókù nínú ọdún, èsì náà ń jáde bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń fi áàpù ka èsì àtẹ̀yìnwá ì bá kà á títí ọjọ́ alẹ́, kò ní rí Tipton níbẹ̀. Inú ilé ni ẹni tó mọ nọ́ńbà ti jókòó, kò sì ní tà á fún wa lórí fóònù.

Nígbà mìíràn pàápàá, ohun tó jọ màgòmágó kì í ṣe màgòmágó. Ní Bùlùgáríà, nọ́ńbà mẹ́fà kan náà, 4, 15, 23, 24, 35 àti 42, já lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, wọ́n tún já lọ́jọ́ 10. Ìjọba ní kí wọ́n wádìí rẹ̀, wọn kò rí ẹ̀tàn níbẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2020, 5, 6, 7, 8 àti 9 ló já, 10 sì ni bọ́ọ̀lù àkànṣe. Ogún èèyàn ló pín ẹ̀bùn náà. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ta áàpù sọ fún mi, èwo nínú áàpù wọn ló mú ìyẹn? Púpọ̀ nínú wọn ń fọ́nnu pé àwọn ń "sẹ́" irú nọ́ńbà tó tò tẹ̀lé ara wọn bẹ́ẹ̀ dànù, pé kò lè já láéláé. Àǹfààní kan náà ló ní pẹ̀lú nọ́ńbà yòówù tí ẹ bá kọ.

Báwo wá ni àwọn tó ń jẹ́rìí sí i ṣe ń pọ̀? Kò le. Bí mo bá fi nọ́ńbà kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí èèyàn 90, tí mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ láti 1 dé 90, ẹni márùn-ún gbọ́dọ̀ rí bánkà tirẹ̀ kó já. Kò sí bó ṣe lè yẹ̀. Àwọn márùn-ún yẹn á fi Ọlọ́run búra pé mo mọ nǹkan. Àwọn 85 á dákẹ́, torí ta ni í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn pé òun pàdánù?

Àwòrán tí wọ́n fi ń polówó náà ńkọ́, èyí tó ń fi hàn pé áàpù náà ì bá ti mú gbogbo nọ́ńbà oṣù tó kọjá? Ẹ fún èmi náà ní èsì tó ti jáde, kó tó di ọ̀sán mo ti kọ ìlànà tó máa mú gbogbo rẹ̀ láìku ọ̀kan. Màá fi 7 kún un, màá yọ ọjọ́ oṣù kúrò, màá dojú rẹ̀ dé kí 36 di 63, màá máa dán an wò títí yóò fi bá a mu. Kọ̀ǹpútà lè dán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlànà wò kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Èyí tó bá ṣe déédéé nìkan lẹ ó rí. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò ní mọ̀ ju ẹni tó dijú mú nọ́ńbà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi owó sí i, torí owó lọ̀rọ̀ wà. Méjì-méjì tó wà nínú 90 jẹ́ oríṣi 4,005. Mẹ́wàá péré nínú wọn ló wà nínú nọ́ńbà márùn-ún tó bá já. Nítorí náà, ẹni tó ta méjì, pé méjèèjì máa já, ní àǹfààní bíi kan nínú 400. Níbi tí wọ́n bá ti ń san ìlọ́po 240 fún un, ẹni tó ń ta á léraléra ń fi nǹkan bí 40 sílẹ̀ nínú gbogbo 100 tó bá ta. Bí áàpù bá mú un ta nígbà tí kò bá ti ta, tàbí tó mú un ta owó ńlá torí 87% tí a kò mọ ìdí rẹ̀, 40 náà ló ń mú tóbi sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ta díẹ̀ fi ṣeré, n kò bá a jà.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú: ẹ máa tẹ èsì jáde bí ẹ ṣe ń ṣe, ó wúlò, àwọn tó mọ ìṣirò ń fi irú rẹ̀ yẹ ẹ̀rọ wò bóyá ó ń ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n níbi tí ẹ bá ti gba ìpolówó nọ́ńbà tó ń bọ̀, ẹ tẹ ohun tí olúwarẹ̀ sọ lọ́sẹ̀ tó kọjá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó já, lẹ́tà ńlá kan náà.

Mo sì ń pe ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn. Kó máa fi méjì tí áàpù rẹ̀ bá yàn ránṣẹ́ sí yín ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kí wọ́n tó yọ nọ́ńbà. Èmi náà á máa fi méjì tèmi ránṣẹ́, èyí tí mo kàn fà yọ nínú àpò láìwò. Kí ẹ tẹ̀ wọ́n jáde pọ̀ fún ọdún kan, ẹ má sọ ti ta ni ti ta ni títí ọdún yóò fi pé, kí àwọn òǹkàwé yín mú èyí tí wọ́n bá rò pé áàpù ló yàn.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà jẹun