Ike omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀bù Ayọ̀mídé

Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá Ayọ̀mídé ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ò jẹ́ kí adìrẹ gbẹ lọ́sẹ̀ yìí, àmọ́ ọjà ò burú jù.

Mo rí fọ́tò ọṣẹ tí o fi ránṣẹ́. Ó gún régé, mo sì fi han àwọn tí a jọ ń rẹ aró, wọ́n ní kí o mú díẹ̀ wá fún wọn. Àmọ́ nígbà tí mo fẹ fọ́tò náà lójú fóònù, mo rí ohun tí kò jẹ́ kí n sùn. Ike omi kan wà ní igun, irú èyí tí a máa ń rà ní gáréèjì, o ti ya bébà ara rẹ̀ kúrò, nǹkan tó mọ́ gaara wà nínú rẹ̀ dé ìdajì. Kọ́ọ̀bù pupa tí mo rà fún Ayọ̀mídé ló dúró tì í. Mo pè ọ́, mo ní kí ló wà nínú ike yẹn. O ní, "Kọ́sítíìkì sódà tí mo rẹ fún ọṣẹ ni, Màámi, ọ̀la ni mo fẹ́ lò ó." O sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ẹ̀wà lòun rẹ. Mo ní kí o gbé e kúrò níbẹ̀, o rẹ́rìn-ín, o ní o ti gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ tó ti ń gun àga!

Ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù, torí ẹkún ni n bá sun.

O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ Ṣẹ́gun kì í jẹun kíá. Ẹ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà èwe yín pé ó ń ka ẹyọ ìrẹsì. Láfún nìkan ló ń lọ geere lọ́fun rẹ̀, ewédú sì gbọ́dọ̀ pọ̀ lórí rẹ̀. A sọ fún yín pé àìsàn ọ̀fun ló ṣe é ní kékeré. Irọ́ ni, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí mo da kọ́sítíìkì tí mo ti pò sínú ìgò mínírà, tí mo gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tí mo ní kí n sáré pọn omi wá. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbé e mu. Igbe tó ké, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Àwọn ará ilé sáré jáde. Wọ́n da epo pupa sí i lẹ́nu, wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì, ó sì bì. Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, dókítà bi wá pé ta ló ní ká mú un bì. Ó ní ohun tó jó o lọ sísàlẹ̀ la tún fi jó o bọ̀ lókè. Ọgbẹ́ náà jinná, àmọ́ àpá rẹ̀ fún ọ̀nà oúnjẹ mọ́ra, ó di tín-ín-rín. Ọdún méjì la fi ń gbé e lọ tí wọ́n ń ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun láti fẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe pé mi ò mọ iṣẹ́ o. Ìdí aró ni wọ́n bí mi sí, bóyá ohun tó tilẹ̀ kó bá mi nìyẹn. Omi eérú ni ìyá mi àgbà fi ń ṣe aró. Wọ́n á gbé ìkòkò kan lé èkejì, wọ́n á lu ìdí ti òkè, wọ́n á kó eérú sí i, wọ́n á da omi lé e, á wá máa kán tó, tó, tó sí ti ìsàlẹ̀. Tó bá sẹ́ tán, wọ́n á fi ìka kàn án, wọ́n á lá a. Bó bá ta ahọ́n wọn tó bí wọ́n ṣe fẹ́, wọ́n á kó èlú, ewé tí aró ti ń jáde, sí i. Àìmọye ìgbà ni mo rí wọn tí wọ́n lá a, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Nígbà tí kọ́sítíìkì dé, iṣẹ́ omi eérú náà la gbà á sí, torí aró kì í yòrò nínú omi lásán, àfi kí omi náà ní agbára eérú, kí wíwú èlú nínú ìkòkò tàbí háídírò, kẹ́míkà oníyẹ̀fun tí àwa aláró ń lò, sì tú u. O rántí bí aṣọ ṣe máa ń jáde nínú ìkòkò ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, tí afẹ́fẹ́ á fẹ́ sí i, tí á sì di aró lójú yín, tí ẹ máa ń pàtẹ́wọ́? Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń ṣe é. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ apòògùn ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, lẹ́yìn ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe é.

Iṣẹ́ kan náà ni, agbára wọn ló yàtọ̀. Omi eérú á ta ọ́, kọ́sítíìkì á jẹ ẹran ara rẹ. Bó bá kàn ọ́ ní ìka, á máa yọ̀ bí ọṣẹ, torí pé ọ̀rá inú awọ rẹ ló ń sọ di ọṣẹ lóòótọ́, bó ṣe ń sọ àdín rẹ di ọṣẹ. Kì í dúró lójú kan, á máa wọlé lọ ni. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ba ojú jẹ́ ju ásíìdì lọ. Tó bá ta sí ọ lójú, má wá òróró, má sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i pé ó máa pa á. Omi ni kí o máa da sí i, ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí o tó gbéra lọ sí ilé ìwòsàn. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnu ló gbà wọlé, fi omi ṣan ẹnu ọmọ náà, má mú un bì, gbé e lọ kíá, kí o sì mú ike náà dání. Tí o bá ń pò ó, omi ni kó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ kí o tó máa da kọ́sítíìkì sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tí èèyàn bá dà lé e lórí á hó, á ta. Má lo ìkòkò alumíníọ̀mù, á jẹ ẹ́, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbiná.

Ọ̀rọ̀ òògùn Ayọ̀mídé náà kò yàtọ̀. O ní o fún un ní ṣíbí paracetamol kan nígbà tí ara rẹ̀ gbóná. Ìgò wo? Mo bi apòògùn mi yẹn, ó gbé méjì kalẹ̀ fún mi. Ìgò kékeré tí wọ́n ń fi rọ́bà kán fún ọmọ ọwọ́ ní 100 mílígíráàmù nínú mílílítà kan. Ti ìgò ńlá ní 120 nínú mílílítà márùn-ún. Orúkọ kan náà ni, ó tún lè jẹ́ àwọ̀ kan náà. Ṣíbí kan tó kún fún ti kékeré yẹn jẹ́ 500, odindi hóró kan tí àgbàlagbà ń lò! Ka ara ìgò, kí o sì lo ohun ìwọ̀n tó bá a wá. Ẹ̀dọ̀ ló ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nínú ara, tó bá sì pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ náà ló máa bàjẹ́, kì í sì í sábà fara hàn lọ́jọ́ kìíní. Sọ fún ọkọ rẹ pé hóró mẹ́jọ onímílígíráàmù 500 ni òpin rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, kó sì ka ti inú òògùn ọ̀fìnkìn mọ́ ọn, torí ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ó ti mọ́ wa lára láti máa fi kọ́ọ̀bù gbé àgbo mu, ojú kan náà la fi ń wo òògùn oníhóró.

Ìwọ ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà ọ̀rọ̀ òògùn eyín àwọn ọmọ ọwọ́ ní ọdún 2008. Ohun tó wọ inú rẹ̀ ni diethylene glycol, kẹ́míkà olóró tí kì í ṣe fún mímu. Ó mọ́ gaara, ó dùn lẹ́nu bí èyí tó yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rin.

Tìróò tí ìyá ọkọ rẹ fi ránṣẹ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa, má fi kan ojú ọmọ. Òkúta òjé ni wọ́n ń lọ̀ fún púpọ̀ nínú wọn, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Má sọ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ṣẹ́gun ló máa mú lẹ́tà yìí wá ní Sátidé. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ fún ọ, ó ní ó ti tó àkókò. Mo fi kẹ́ẹ̀gì kan tó ní ìdérí líle rán an, mo ti fi ọ̀dà pupa kùn ún, inú rẹ̀ ni kí kọ́sítíìkì máa wà, kí o sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Láfún ni kí o rò fún un. Tó bá ń jẹun, má wo ọ̀fun rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ