Ẹni tó ní àdúrà yí ẹ̀jẹ̀ òun padà, kó mú èsì àyẹ̀wò wá

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n dá sí àríyànjiyàn tí kì í tán nílẹ̀, pé bóyá ó yẹ kí sáyẹ́ǹsì máa tọpinpin ohun tó ju agbára ẹ̀dá lọ. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí kò sí lábẹ́ àyẹ̀wò. Àwọn mìíràn ní ohun tí ẹ̀rọ kò bá ti rí, irọ́ ni. N kò fara mọ́ ìkankan nínú méjèèjì, àbíkú ni mo sì fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Láyé àwọn baba wa, obìnrin lè bí ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bó bá ti ń sún mọ́ oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í wú, á máa ké tọ̀sán tòru, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi kú. Òmíràn á dé, òun náà á tún lọ. Wọ́n á sọ èyí tó tẹ̀ lé e ní Málọmọ́ tàbí Kòkúmọ́, wọ́n á so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bó bá sì tún kú, wọ́n á fi abẹ sàmì sára òkú rẹ̀ kí wọ́n lè dá a mọ̀ bó bá padà wá. (Àmì yẹn gan-an, ẹ̀rí ni wọ́n fi ń wá, àwọn àgbà kì í ṣe ẹni tó ń gba ohun gbogbo gbọ́ láìwádìí.)

Ní 1910, James Herrick, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Grenada tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí dòjé. Àrùn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún ṣì máa ń dáàbò bò ó fún oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìbí; bí ìyẹn bá ti ń dín kù, ìrora á dé. Ìgbà tí a rò pé ọmọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàdéhùn lọ́run, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ń pààrọ̀ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà pa nínú àwọn tí a pè ní àbíkú.

Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS (wọ́n gbé àbùdá àrùn yìí, àmọ́ àrùn náà kò ṣe wọ́n), ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu pé ọmọ á jẹ́ SS, ìyẹn ẹni tó ní àrùn náà, nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Sáyẹ́ǹsì kò lè sọ ìdí tí ìdá kan yẹn fi ń bọ́ sọ́wọ́ ìyá kan léraléra. Ó ní kòńgẹ́ ni. Ìyá ní orí ni. N kò rò pé ẹ̀rọ kankan lè dá ẹjọ́ yẹn. Wọ́n ti gbé àdúrà pàápàá sórí ìwọ̀n rí: ní 2006, Herbert Benson, dókítà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí jáde lórí àwọn aláìsàn tó lé ní 1,800 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, wọ́n sì ní àdúrà tí àwọn àjèjì gbà fún wọn kò mú ìyàtọ̀ rere wá. Ṣùgbọ́n ta ló ka àdúrà tí àwọn ará ilé wọn ń gbà?

Nígbà tí ẹnì kan bá wá dúró ní ìsọjí pé àdúrà ti sọ AS òun di AA, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àbùdá àrùn náà rárá, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́run, ó ti wọnú ìgò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ wa kì í so tọkọtaya pọ̀ láìrí ìwé jẹ́nótáìpù, torí náà àwọn fúnra wọn ti gba ilé àyẹ̀wò ní adájọ́. Àwa náà mọ̀ pé ilé àyẹ̀wò tí kò fara balẹ̀ lè ka AA sí AS, kí ẹlòmíràn tún un ṣe dáadáa, kí wọ́n sì pe àṣìṣe ní iṣẹ́ ìyanu. Àwọn AS méjì tó fẹ́ra nítorí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ jẹ ìyà rẹ̀, ọmọ wọn ni.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ tó tẹ irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ béèrè èsì láti ilé àyẹ̀wò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ti ìṣáájú àdúrà àti ti ẹ̀yìn rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá bára mu, ẹ gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́, kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì wá ṣàlàyé rẹ̀ fún wa.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Ìbàdàn