Ẹ bá wa kọ mìlímítà àti mítà sínú ìlànà òwú híhun

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. A ń gbádùn ojú ewé iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo sì fẹ́ bẹ̀ lórí rẹ̀ nítorí àwọn òǹkàwé yín tó ń gbé lókè òkun, tí wọ́n ń fi ìrọ̀lẹ́ hun sùẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nílé. Nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ tẹ ìlànà jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi í mọ sí "abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 8, bọ́ọ̀lù òwú 10." Abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹni tó wà lókè òkun lè ti orílẹ̀-èdè kan wá, ìwé ìlànà rẹ̀ láti òmíràn, kó sì jẹ́ pé ilẹ̀ kẹta ni wọ́n ti ran òwú rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ 8 níbí kọ́ ló ń jẹ́ 8 lọ́hùn-ún.

Ẹ wo abẹ́rẹ́ ná. Ní Amẹ́ríkà, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń nípọn sí i. Nọ́ńbà àtijọ́ ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: bó ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín sí i. Nítorí náà, nọ́ńbà 8 ti Amẹ́ríkà jẹ́ mìlímítà 5, nọ́ńbà 8 àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 4, nọ́ńbà 8 ti Japan sì jẹ́ mìlímítà 4.5. Ibi kan ṣoṣo tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì ti bára mu ni nọ́ńbà 7, tí àwọn méjèèjì jẹ́ mìlímítà 4.5, ibẹ̀ gan-an ló sì ń ṣi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ lọ́nà, torí wọ́n á rò pé ìyókù náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ sórí mìlímítà báyìí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àti ìwé àtijọ́ ṣì ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Bí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́ lára abẹ́rẹ́, ẹ fi pátákó oníhò tí wọ́n fi ń wọn abẹ́rẹ́ wò ó: ihò tó kéré jù tí abẹ́rẹ́ gbà kọjá láìfi ipá tì í ni ìwọ̀n rẹ̀.

Ti kóróṣè, ìyẹn híhun pẹ̀lú abẹ́rẹ́ oníkọ́, tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé orúkọ kan náà ni wọ́n fún ojú (ìyẹn ìkọ́ òwú kọ̀ọ̀kan tí a ń hun) tó yàtọ̀ síra. Ojú tí Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní double crochet. Double crochet ti Amẹ́ríkà ni Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè ní treble. Ẹni tó bá ṣi èyí lò, ojú iṣẹ́ rẹ̀ á ga fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì, tàbí kó kúrú tó ìdajì. Àmì kan wà tó dájú: bí ìlànà bá dárúkọ single crochet níbikíbi, ti Amẹ́ríkà ni, torí kò sí ojú tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣáà kọ orúkọ ilẹ̀ náà sókè ìlànà, ó parí.

Òwú wá ńkọ́? "Bọ́ọ̀lù 10" kò sọ nǹkan kan, nítorí bọ́ọ̀lù gíráàmù 25 wà, ti 50 wà, ti 100 náà wà. Gíráàmù nìkan kò tó, torí ẹ̀gbọ̀n òwú wúwo ju irun àgùntàn lọ: bí méjèèjì bá nípọn bákan náà, gíráàmù 50 ti ẹ̀gbọ̀n òwú á kúrú ju ti irun àgùntàn. Orúkọ náà kò ṣeé gbára lé. Òwú tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní DK (double knitting) ni wọ́n ń pè ní 8 ply ní Ọsirélíà, kò sì pọn dandan kí fọ́nrán mẹ́jọ wà nínú rẹ̀. Mítà ni kí ẹ kọ. Ká ní ìlànà gba bọ́ọ̀lù 10 oní-gíráàmù 50, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 110. Mítà 1,100 ni gbogbo rẹ̀. Bí òwú tí ẹnì kan rí ládùúgbò rẹ̀ bá jẹ́ mítà 200 nínú gíráàmù 100, yóò pín 1,100 sí ọ̀nà 200, yóò rí 5.5, yóò sì ra bọ́ọ̀lù 6. Ìlànà Amẹ́ríkà sábà máa ń lo yáàdì. Yáàdì kan jẹ́ mítà 0.914. Kí ó ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì yẹ nọ́ńbà aró tó wà lára ìwé tí wọ́n wé mọ́ òwú wò. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ aró mọ̀ pé ìkòkò méjì kì í pa òwú láró dọ́gba. Bí nọ́ńbà bá yàtọ̀, ó lè máà hàn nínú bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n ìlà ibi tí òwú ti pàdé á hàn gbangba láyà sùẹ́tà.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ aṣọ ìdánwò, ìyẹn aṣọ kékeré tí a kọ́kọ́ ń hun láti fi mọ iye ojú tí ọwọ́ wa ń mú jáde, nítorí òun ni àwọn èèyàn ń fò, òun náà ló sì ń ba iṣẹ́ oṣù méjì jẹ́. Ìlànà gidi gbọ́dọ̀ sọ iye ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, bíi ojú 22 ní ìbú àti ìlà 28 ní gígùn. Ká ní sùẹ́tà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 100 yípo àyà, ojú 220 nìyẹn. Bí ọwọ́ ẹni tó ń hun ún bá dẹ̀, tí ó ń rí ojú 20 péré, sùẹ́tà á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 110. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá le, tí ó ń rí 24, kò ní tó sẹ̀ǹtímítà 92. Ojú méjì péré ló fa gbogbo ìyẹn.

Fún òwú ojú 22, ẹ dá ojú 36 sórí abẹ́rẹ́, kí ẹ hun ún tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ojú mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan àti mẹ́rin tó parí rẹ̀, ojú iwájú (knit) ni kí ẹ máa hun ún nígbà gbogbo, kí etí aṣọ má baà ká. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́ bí ẹ ó ṣe máa fọ sùẹ́tà fúnra rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó fi rúlà ka ojú tó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10 ní àárín gbùngbùn. Etí kò ṣeé kà, torí ó máa ń fà tàbí kó sún kì. Ẹ má fo ààbọ̀ ojú: ààbọ̀ nínú sẹ̀ǹtímítà 10 di ojú 5 nínú sẹ̀ǹtímítà 100, ó sì lé ní sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ojú bá pọ̀ jù, ẹ mú abẹ́rẹ́ tó nípọn sí i. Bí kò bá tó, ẹ mú èyí tó tín-ín-rín sí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ipá dẹ ọwọ́ rẹ̀ tàbí kó mú un le. Lẹ́yìn ìlà mélòó kan, ọwọ́ á padà sí bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́? Irun àgùntàn ní ìpẹ́ wẹ́wẹ́ lára bíi ti ẹja. Èyí tí wọ́n bá kọ superwash sí lára, wọ́n ti ṣiṣẹ́ sí ìpẹ́ yẹn kí ó má baà há mọ́ra nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Àǹfààní ńlá ni, àmọ́ òwú bẹ́ẹ̀ máa ń nà nígbà tí omi bá kàn án, apá sùẹ́tà á sì gùn kọjá ọwọ́. Ẹ̀gbọ̀n òwú ní tirẹ̀ kì í fà padà bí irun àgùntàn, ìwúwo rẹ̀ ló ń fà á wálẹ̀. Ẹ fi péègì fi aṣọ ìdánwò rẹ̀ kọ́ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ohun tí ẹ ó bá sì hun yípo, yípo ni kí ẹ hun ìdánwò rẹ̀. Ojú ẹ̀yìn (purl) ọ̀pọ̀ èèyàn dẹ̀ ju ojú iwájú wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìlà ojú ẹ̀yìn nínú iṣẹ́ tí a ń hun yípo.

Kí ẹ lè rí ohun tí mò ń sọ, ìlànà fìlà àgbàlagbà kan rèé, bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́. Orí: sẹ̀ǹtímítà 56. Òwú: irun àgùntàn, mítà 200 nínú gíráàmù 100, bọ́ọ̀lù kan. Abẹ́rẹ́: mìlímítà 5 fún dídá ojú nìkan, mìlímítà 4 fún etí, mìlímítà 4.5 fún ara, ti etí àti ti ara jẹ́ abẹ́rẹ́ olókùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 40, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì márùn-ún ti mìlímítà 4.5. Ìwọ̀n: ojú 20 àti ìlà 28 nínú sẹ̀ǹtímítà 10.

Fìlà gbọ́dọ̀ kéré ju orí lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 kó tó lè dúró. Sẹ̀ǹtímítà 51 jẹ́ ojú 102, ṣùgbọ́n etí tó ń fà bíi rọ́bà, ojú iwájú 2 àti ojú ẹ̀yìn 2, ń fẹ́ iye tí 4 lè pín, dídín ojú kù lókè fìlà sì ń fẹ́ iye tí 8 lè pín. Ojú 104 ló bá méjèèjì mu. Abẹ́rẹ́ mìlímítà 5 ni kí ẹ fi dá a, torí ojú ìbẹ̀rẹ̀ tó bá le á máa há mọ́ iwájú orí. Kí ẹ tó so ó pọ̀ yípo, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kí ẹ rí i pé gbogbo ìsàlẹ̀ ojú kọ sínú. Bí ó bá lọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí àtúnṣe mọ́ lẹ́yìn ìlà bíi mẹ́ta, àfi kí ẹ tú u.

Ẹ hun etí ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ bọ́ sórí abẹ́rẹ́ 4.5, kí ẹ máa hun ojú iwájú lọ títí gbogbo rẹ̀ á fi tó sẹ̀ǹtímítà 15. Lẹ́yìn náà ni dídín ojú kù: ojú iwájú 11, ẹ hun ojú méjì pọ̀ di ọ̀kan, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ yípo, ó ku 96. Ẹ hun ìlà kan láìdín nǹkan kan kù. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ojú kan péré tó ń dín láàárín ibi ìsopọ̀ méjì nígbà kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi ku 48. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìlà ni kí ẹ dín kù, títí yóò fi ku 8. Ẹ ó ti bọ́ sórí abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu méjì nígbà tí okùn bá gùn ju iṣẹ́ lọ. Ẹ gé òwú, kí sẹ̀ǹtímítà 20 ṣẹ́kù, ẹ fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ fà á gba inú ojú mẹ́jọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ so ó sínú.

Omi tí kò ju dígírì 30 lọ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, láìfi ọwọ́ họ ọ́. Gbígbóná, ọṣẹ àti fífi ọwọ́ họ ló ń mú kí ìpẹ́ irun há mọ́ra, tí aṣọ á sì sún kì láìní padà mọ́. Ẹ yí i mọ́ inú táwẹ́ẹ̀lì, ẹ tẹ omi jáde, kí ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ẹ má fi kọ́ sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Bí òtútù bá ti lọ, kí ẹ fọ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó kó o pamọ́, torí ibi tí òógùn tàbí oúnjẹ bá kàn ni ìdin kòkòrò tó ń jẹ aṣọ máa ń kọ́kọ́ jẹ. Èyí tí ẹ bá fura sí, ẹ dì í pa nínú ọ̀rá, kí ẹ fi sínú fíríísà ní dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo mọ̀ pé àyè há nínú ìwé ìròyìn. Ìlà mẹ́rin tí mo fi ṣáájú fìlà yẹn, ìyẹn ìwọ̀n orí, òwú, abẹ́rẹ́ àti ìwọ̀n ojú, kò gba ibi tó pọ̀. Bí ọ̀kan bá gbọ́dọ̀ kúrò láàárín wọn àti àwòrán kejì tí ẹ máa ń fi sí ìsàlẹ̀ ojú ewé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ àwòrán.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín lókè òkun