Màámi, Iṣẹ́ Ọ̀fẹ́ Yẹn Ló Bí Iṣẹ́ Olówó Yìí

Leeds, Ìlú Ọba

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara wa le, ọkọ mi ní kí n kí yín. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, n kò sì rí oorun sùn. Ẹ ní ṣé ẹrú lẹ rán wá sí Ìlú Ọba ni, pé mo gba owó àjọ yín, ₦600,000, mo wá ń ṣiṣẹ́ tí wọn kò san kọ́bọ̀ lé lórí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ibi mẹ́tàdínlógún ni mo kọ̀wé iṣẹ́ sí. Ẹni méjì ni wọ́n máa ń fẹ́ kó jẹ́rìí síni. Ọ̀gá mi ní Òṣogbo kọ tirẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ẹnì kan tó mọ̀ mí níṣẹ́ níhìn-ín. Ìdí tí mo fi lọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ níbi tí àwọn arúgbó ti ń jẹun ọ̀sán nìyẹn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń dá padà fún mi. Ìwé DBS tó ń fi hàn bóyá èèyàn ní àkọsílẹ̀ ọ̀daràn, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún mi, torí pé ọ̀fẹ́ ni mò ń ṣiṣẹ́.

Màámi, ẹ̀yin náà ẹ ṣáà kọ́ṣẹ́ aró. Ta ló sanwó fún yín nígbà tí ẹ ń sẹ́ omi eérú fún ìyá aláró, tí ọwọ́ yín dúdú dé ìgbọ̀nwọ́?

Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan abọ́ òun. Ó da ọbẹ̀ sí mi láyà lọ́jọ́ kan. Mo jókòó tì í, mo bi í léèrè ọmọ rẹ̀, títí ó fi gba ṣíbí. Ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ yìí ló ta mí lólobó pé ilé ìtọ́jú àwọn àgbà kan ń wá òṣìṣẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, kí lo ṣe nígbà tí arúgbó bínú sí ọ? Mi ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá ibi oúnjẹ ọ̀sán ló kọ̀wé ẹ̀rí kejì. Pọ́n-ùn 12.21 ni wọ́n kọ́kọ́ ń san fún mi ní wákàtí kan, iye tí òfin fi lélẹ̀ ní oṣù Kẹrin 2025 fún ẹni ọdún 21 sókè.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ibì kan wà tí wọ́n fẹ́ fi mí ṣẹrú. Ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, iṣẹ́ tó yẹ kí wọ́n gba èèyàn sí kí wọ́n sì sanwó fún; bí mo bá bi wọ́n ìgbà tí wọ́n máa gbà mí, wọ́n á ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò, mo kúrò.

Káyọ̀dé àbúrò mi ńkọ́? Látìgbà tó ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ṣé inú ilé ló ṣì wà? Ẹ jẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ àwọn aṣírò owó ní Òkè-Fìà, oṣù mẹ́ta péré. Kó tó bẹ̀rẹ̀, kó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n máa kọ́ òun, kó sì bi wọ́n bóyá wọ́n á kọ̀wé ẹ̀rí fún òun. Bí wọn ò bá rí i sọ, kó wá ibòmíràn.

₦150,000 yóò wọ àkáǹtì yín lọ́jọ́ 28 oṣù yìí. Oṣù mẹ́rin, owó yín á pé. Ẹ sọ fún Ìyá Alájọ. Kẹ́ ẹ sì dá mi lóhùn: ta ló sọ fún yín pé ẹrú ni mò ń ṣe?

Èmi ni ọmọ yín,
Bùkọ́lá