Lẹ́tà sí bàbá mi, nípa mọ́ṣíìnì Bàbá Télọ̀

Bàbá mi,

Ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí ẹ ti sùn. Sátidé tó kọjá la pín ẹrù yín. Bí a ṣe pín in, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ mọ àwọn ọmọ tí ẹ bí. Mọ́ṣíìnì ìránṣọ ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Wọ́n ní nǹkan obìnrin ni, kí n máa gbé e lọ. Mo tọrọ agolo bisikíìtì tí ẹ ń kó fọ́tò sí mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó bá mi du ìyẹn.

Agolo náà kò dípẹtà o. Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ fún wa pé tánńganran ni wọ́n fi ń pa irin agolo lára tí kì í fi í dípẹtà, ẹ ó wá gbá àyà bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ wà á jáde nílẹ̀ Bùkúrù nítòsí Jọ́ọ̀sì. Ẹ ò sì wa kùsà, ìyẹn òkúta tánńganran, rí láyé yín. Aṣọ lẹ̀ ń tà fún àwọn tó ń wà á.

Mo tú àwọn fọ́tò náà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin rèé ní ibùdókọ̀ rélùwéè kékeré tó wá láti Záríà, èyí tí wọ́n torí kùsà là dé Bùkúrù lọ́dún 1914, tí wọ́n sì pa tì lọ́dún 1957. Ẹ dì káká nínú ẹ̀wù òtútù, ẹ fi ẹsẹ̀ kan lé orí ẹrù aṣọ bí ọdẹ tó pa ẹfọ̀n. Àwọn obìnrin rèé nínú odò, wọ́n ń fi igbá fọ kùsà, wọ́n tẹ̀ ba, ẹnikẹ́ni ò wo kámẹ́rà. Àwa ọmọdé mẹ́ta rèé nínú garawa irin ẹ̀rọ tó ń gbẹ́lẹ̀. Ó gbà wá tán, ó tún kù. Èmi ni mo ń sunkún yẹn.

Bàbá ọlọ́dẹ náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fi tipátipá kó wá sí máìnì nígbà ogun Hitler. Ẹ̀yin lẹ sọ ìtàn yẹn fún wa: nígbà tí Jàpáánù gba Màláyà lọ́dún 1942, tánńganran wọ́n Gẹ̀ẹ́sì, ni ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọkùnrin láti ìgbèríko òkè ọya, nǹkan bí 100,000 èèyàn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì padà délé. Ẹ máa ń mi orí tí ẹ bá ń sọ ọ́. Ẹ máa ń ní, “Wọ́n gba ọwọ́ ọlọ́wọ́ ṣiṣẹ́, wọn ò sanwó tó tọ́.”

Mo wá kan ti Gálílì 1964, ọjọ́ kejì Àjíǹde. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin àti Bàbá Télọ̀ ni, ẹ dúró létí kòtò máìnì tó ti di adágún, ọwọ́ yín wà léjìká rẹ̀. Kóòtù tó rán fúnra rẹ̀ ló wọ̀. Fọ́tò dúdú àti funfun ni, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀ omi yẹn, bí aró tí wọ́n ti bu omi lù jù.

Lọ́dún 1966, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Íbò bíi tirẹ̀ ní òkè ọya, ẹ fi í pamọ́. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ yín láé. Ọjọ́ méjì ló fi wà láàárín ẹrù aṣọ nínú sítọ́ọ̀, ẹ ń fi páànù gbé oúnjẹ wọlé fún un, ẹ sì bá a wá mọ́tò lóru. Ó fi mọ́ṣíìnì rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.

Ogun Biafra parí. Ọmọ ọdún méje ni mí. Màmá wà nídìí mọ́ṣíìnì, wọ́n ń rán yẹ̀rì, ni ohùn kan bá kí yín níta. Màmá gbé ẹsẹ̀ kúrò. Wọ́n fa aṣọ kan lórí okùn, wọ́n fi bo mọ́ṣíìnì náà látòkè délẹ̀, wọ́n ní kí n má mira. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ìta lẹ gbé àga sí fún un, Bàbá Télọ̀ tí kì í kan ilẹ̀kùn wa kó tó wọlé! Ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú kọ́là. Ẹ fún un lómi. Ó mu ún tán, ó fi ife lélẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó lọ. Ọwọ́ òfìfo ló lọ.

Mo bi yín nígbà yẹn, ẹ ní ọ̀rọ̀ àgbà ni. Mo tún bi yín nígbà tí mo ti lé lógójì ọdún, ẹ ní, “Ó ní ká máa lò ó.” Bàbá, tó bá ní ká máa lò ó, kí ló dé tí Màmá fi bò ó? Ṣé ẹ fún un lówó kí n tó dé ojú fèrèsé? Lásìkò tó jẹ́ pé ogún pọ́ọ̀nù péré ni ìjọba ń fún Íbò tó lówó ní báńkì ṣáájú ogun, kí ni ẹni tó fi iṣẹ́ ọwọ́ jẹun fẹ́ fi ra mọ́ṣíìnì mìíràn? A sì gbọ́ nípa àwọn Háúsá kan tó gba owó ilé pamọ́ fún onílé Íbò, tí wọ́n kà á lé e lọ́wọ́ nígbà tó dé.

Ẹnu mi ò sì gbà á tán, nítorí èmi náà jẹ níbẹ̀. Nígbà tí owó tánńganran já lulẹ̀ lọ́dún 1985 tí àwọn oníbàárà yín ń di ẹrù wọn lọ, mọ́ṣíìnì yẹn ló san owó ilé-ìwé mi. Lẹ́yìn ìjà 2001 ní Jọ́ọ̀sì náà, nígbà tí ẹ ní ká máa bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, fíríìjì ṣẹ́kù sẹ́yìn, mọ́ṣíìnì yẹn lẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n gbé sínú ọkọ̀. Mi ò mọ ohun tí ó yẹ kí n fi ìyẹn pè.

Ó wà níwájú mi báyìí. Létí tábìlì rẹ̀, Bàbá Télọ̀ fi ọ̀bẹ fá ìwọ̀n ínṣì síbẹ̀, ọ̀kan dé méjìdínlógún. Ìkẹtàlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí ibẹ̀ ni ọwọ́ Màmá máa ń sinmi lé. Ẹnìkan ti wá dá owó lé e, ó ní irú irin yẹn kò sí mọ́. Ẹ mọ̀ pé mo nílò owó. Owó ìfẹ̀yìntì mi kò tíì jáde, orúnkún mi ń jẹ oògùn bí ọmọ tó ń jẹ súìtì, àwọn ọmọkùnrin yín sì ti ń sọ pé ká ta ilé Bùkúrù, ẹni tó sì fẹ́ rà á ti ń bá ẹnìkan nínú wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn wa.

Mo ní mi ò tà á. Mo ní ká gbé fọ́tò Gálílì yẹn sórí Facebook, bóyá ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ Bàbá Télọ̀ kan á dá a mọ̀. Àwọn ọmọkùnrin yín fárí gá, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ máa pe bàbá wa lólè níta gbangba ni, ẹni tó gba èèyàn là. Ni ọmọbìnrin mi bá ní ṣé kí òun gé yín kúrò níbẹ̀, kó ku Bàbá Télọ̀ nìkan. Ó gé e hàn mí. Ọwọ́ yín ṣì wà léjìká rẹ̀.

Mi ò tíì dá a lóhùn.