Bí Ọ̀rọ̀ Orin Kò Bá Dé Etí, A Kò Tíì Wàásù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí àwọn ìjọ tó ń fi eré olórin wàásù dùn ún kà, àmọ́ aṣọ, iná aláràbarà àti iye èrò tó wá wòran ló gba gbogbo ojú ewé. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tó béèrè bóyá àwọn tó jókòó sẹ́yìn gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ lórin. Bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ìránṣẹ́ yìí wà. Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù pé nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti í wá. Ó sì bi àwọn ará Kọ́ríńtì pé bí ohùn ìpè kò bá dájú, ta ni yóò múra ogun? Nínú eré tí kò ní orin, ẹni tí gbólóhùn kan bọ́ mọ́ lọ́wọ́ lè fi èyí tó tẹ̀ lé e gbé e. Nínú eré olórin, inú orin ni ìtàn ti ń yí padà. Inú orin ni ọmọ onínàákúnàá ti ń pinnu láti padà sílé. Ẹni tí kò bá gbọ́ orin náà, á kàn rí i pé òṣèré pààrọ̀ aṣọ ni.

Orí ìwé eré ni kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé kan tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń gbà tó ìṣẹ́jú kan lórí ìtàgé, orin kan á sì gba ìṣẹ́jú 3 sí 4. Ẹni tó bá kó orin 20 sínú ìwé olójú-ewé 70, eré rẹ̀ á ti kọjá wákàtí méjì dáadáa kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni wá sọ́dọ̀ Olúwa, àwọn ọmọdé á sì ti sùn lọ. Orin 10 sí 12 pẹ̀lú nǹkan bí ojú ewé 50 tó. Bí ẹ bá fẹ́ mọ orin tó yẹ kó kúrò, ẹ yọ ọ́, kí ẹ ka ìwé náà láìsí i. Bí ìtàn bá ṣì já geere, orin yẹn kò níṣẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kó dùn tó. Àwọn orin ìyìn tí gbogbo ìjọ mọ̀ ló sábà máa ń bá èyí lọ, torí pé fún ìjọsìn ni wọ́n ṣe kọ wọ́n, kì í ṣe láti ti ìtàn síwájú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ohùn. Èdè wa, ohùn ló fi ń sọ ìtumọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ń gòkè tí orin ń sọ̀ kalẹ̀, òǹwòran á gbọ́ nǹkan mìíràn. Nílé ìsìn, a lè mú un mọ́ra, torí pé ìwé orin wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Òǹwòran inú òkùnkùn kò ní ìwé lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ yé fún Sátánì ní orin tó dùn jù. Ní nǹkan bí ọdún 1151, Hildegard ti Bingen, obìnrin àjọ ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ní Jámánì, ṣe eré olórin kan lórí ọkàn ènìyàn àti àwọn ìwà rere. Àwọn ìwà rere ń kọrin, ọkàn náà ń kọrin, ṣùgbọ́n Sátánì kò ní orin kankan. Ọ̀rọ̀ àti igbe nìkan ni wọ́n fún un. Kò pọn dandan kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọdé bá ń kọ orin Sátánì lọ sílé, ohun tó wọ̀ wọ́n létí jù lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ láti lo orin ẹlòmíì kò gùn: ìwé àṣẹ tí ìjọ fi ń kọ orin olórin nínú ìsìn kì í sábà kárí eré orí ìtàgé, ó tún yàtọ̀ sí àṣẹ láti gba eré náà sílẹ̀ kí ẹ sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orin àtijọ́ lè ti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, kí ètò ohùn tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sí i má tíì bọ́. Ẹ béèrè kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀.

Ìdánrawò ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀la ṣáájú tòní. Bí ẹ bá ní oṣù mẹ́ta, tí ẹ ń pàdé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ 5 àkọ́kọ́ kọ́ orin nìkan, láìsí ijó, láìsí ìrìn. Ẹgbẹ́ tó bá kọ́ ijó kí orin tó dúró lọ́kàn, tó bá dalẹ́ eré, àwọn akọrin á máa ka ìṣísẹ̀ nínú, ètè wọn á máa mì, ọ̀rọ̀ kò ní jáde. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 10 ni ti ìrìn orí ìtàgé àti ijó. Kí ìwé ti kúrò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn ní ọ̀sẹ̀ 8. Lẹ́yìn náà, ẹ mú àwọn òṣèré àti àwọn onílù (ìyẹn gbogbo àwọn tó ń lo ohun èlò orin) jókòó sójú kan, kí wọ́n kọ gbogbo orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣe eré rárá. Ìjókòó yìí ni yóò tú àṣírí ibi tí kíbọ́ọ̀dù ti ń bo akọrin mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún iná àti ẹ̀rọ, tí ẹ ó máa dá eré dúró láti tún un ṣe (ó máa ń sú òṣèré, ẹ yáa sọ fún wọn ṣáájú), kí ẹ wá ṣe odindi eré lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú aṣọ, tí ẹnikẹ́ni kò ní dá a dúró.

Kíì, ìyẹn ìpele ohùn tí a gbé orin lé, tí akọrin mú nígbà tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùrù kọ́ ni yóò lè mú lẹ́yìn tó bá ti gun àtẹ̀gùn, tó kúnlẹ̀, tó tún dìde. Ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ bó ti ń rin ìrìn ìran náà. Bí ohùn bá ń fọ́ lókè, ẹ sọ kíì kalẹ̀ kí àwọn onílù tó kọ́ ọ.

Ní ti ẹ̀rọ, bí owó kò bá tó, ẹ dín aṣọ àti pátákó ẹ̀yìn ìtàgé kù, kí ẹ fi ra tàbí yá máìkì tó dára. Máìkì tí a há mọ́ àyà kì í ṣe fún eré olórin: aṣọ á máa ha á, bí òṣèré bá sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn rẹ̀ á lọ. Èyí tí a gbé kọ́ etí ló dára, kí orí rẹ̀ wà ní igun ẹnu, bíi sẹ̀ńtímítà 2 sí 3 sí ètè, má ṣe jẹ́ kó dojú kọ ẹnu gan-an kí èémí má bàa máa gbá a. Ẹ fi téèpù aláwọ̀ ara lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Jíjìnnà ló ń pa ohùn: bí ẹnu bá jìnnà sí máìkì ní ìlọ́po méjì, desibẹ́ẹ̀lì 6 (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe ròkè tó) ti lọ. Pípọ̀ náà ń pa á: bí iye máìkì tó ṣí bá di ìlọ́po méjì, desibẹ́ẹ̀lì 3 ti kúrò nínú ohun tí ẹ lè fi gbé ohùn sókè kí ẹ̀rọ tó máa súfèé. Nítorí náà, máìkì ẹni tó ti kúrò lórí ìtàgé gbọ́dọ̀ di pípa lójú ẹsẹ̀, èyí tó tún ń gbà wá lọ́wọ́ ìtìjú pé kí gbogbo èrò máa gbọ́ bí Màríà ṣe ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ títa. Onísáúńdì kò lè ṣe èyí bó bá jẹ́ ọjọ́ eré ló kọ́kọ́ rí ìwé. Ẹ fún un ní ìwé tirẹ̀, kó fàlà sí gbogbo ibi tí ẹnì kan ti ń wọlé tàbí jáde, kó sì wá sí ìdánrawò fún ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì. Bátìrì tuntun ni fún eré kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá ṣẹ́kù kí ẹ lò ó níbi ìdánrawò. Ẹ tan gbogbo máìkì aláìníwáyà lẹ́ẹ̀kan náà láti dán wọn wò. Èyí tó dára nígbà tó dá wà lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó bí àwọn yòókù bá tàn.

Kí sípíkà wà níwájú àwọn òṣèré, kí ó kọjú sí èrò, kó má wà lẹ́yìn wọn. Ìlù ńlá ló máa ń bo ọ̀rọ̀ jù. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ fi ohun ìdábùú dí i, tàbí kí onílù yé fi ọ̀pá líle lù ú. Mo sì fara mọ́ àwọn onílù ju orin tí a ti gbà sílẹ̀ lọ, nítorí pé orin inú kọ̀ǹpútà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí òṣèré bá gbàgbé ìlà kan, onílù tó wà níbẹ̀ á máa yí ìlù kékeré kan náà po títí tó fi máa rántí. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wá ẹni tí kò ka ìwé eré rí, ẹ fi í sí ìlà tó kẹ́yìn pátápátá, kó kọ ohun tó gbọ́ nínú orin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ ni ìwàásù yín, kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé yín.

Ìran àgbélébùú ni kí olùdarí fara balẹ̀ sí jù. Ẹni tó bá fi ọwọ́ nìkan so rọ̀, mímí á nira fún un, ká má tíì sọ orin. Ẹ kan pákó ìtẹ̀sẹ̀ tó gba àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ fi bẹ́líìtì sí ìbàdí lábẹ́ aṣọ, kí ọwọ́ sì ní ohun tí yóò dìmú. Kí ẹsẹ̀ àgbélébùú wà nínú férémù tí a dè mọ́ ìtàgé, kì í ṣe nínú garawa yanrìn. Kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn rẹ̀ tí kò níṣẹ́ mìíràn, kí àmì kan sì wà láàárín wọn, bíi kí ó fi ìka kan pákó lẹ́ẹ̀mejì, tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀ kíá. Àbẹ́là oníbátìrì ni kí ẹ lò, kì í ṣe oníná. Ní ti ẹni tí yóò ṣe ipa Jésù, kí àwọn mẹ́ta jókòó yan òun àti adelé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ipò bàbá rẹ̀ nínú ìjọ ló gbé e débẹ̀, etí òǹwòran ni yóò san gbèsè náà.

Nígbà tí orin ìparí bá tán, kí ẹnì kan tí kò kópa nínú eré jáde láàárín ìṣẹ́jú méjì láti pe àwọn ènìyàn sí ìpinnu. Kò yẹ kí Pílátù tó ṣì wà nínú aṣọ Róòmù máa pe ẹnikẹ́ni wá ronú pìwà dà. Ẹ gbé iná gbọ̀ngàn sókè dé ìdajì, kí ilẹ̀kùn àbájáde má di títì. Ẹ má gbé igbá ọrẹ lásìkò yìí. Kí àwọn olùgbani-nímọ̀ràn ti mọ àyè tí wọ́n máa dúró sí, pẹ̀lú káàdì àti bírò lọ́wọ́, kí wọ́n sì pe gbogbo ẹni tó kọ orúkọ láàárín wákàtí 48. Òṣèré kọ́ ló yẹ kó ṣe ìpè orí fóònù yìí o, torí òun ṣì ní eré ní ọjọ́ kejì, ó sì yẹ kó sinmi ohùn.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ Olúwa,
Olùdarí eré olórin kan