Detach ńkọ́? Lórí ọ̀rọ̀ Observer pattern

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa Observer pattern, ìyẹn ọ̀nà tá a fi ń kọ kóòdù kí object kan lè máa sọ fáwọn míì tí nǹkan bá yí padà lára ẹ̀, inú mi dùn gan-an pé a ti ń rí irú ẹ̀ kà ní Yorùbá, àmọ́ ibi tẹ́ ẹ dá a dúró sí ló ń dùn mí, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó.

Ẹ ṣàlàyé dáadáa pé Subject (object tí wọ́n ń ṣọ́) ní list àwọn object tó fẹ́ gbọ́ nǹkan lẹ́nu ẹ̀ (àwọn ni Observer), tí nǹkan bá ti yí padà lára ẹ̀ á pe update lórí wọn níkọ̀ọ̀kan, interface wọn (àwọn method tí wọ́n gbọ́dọ̀ ní) nìkan ló sì mọ̀. Òótọ́ ni. Èèyàn lè fi Observer tuntun kún un láìfọwọ́ kan kóòdù Subject rárá.

Àmọ́ detach, ìyẹn yíyọ Observer kúrò nínú list (attach ni fífi í sí i), ẹ kàn dárúkọ ẹ̀ kọjá ni. Ẹ jẹ́ ká sọ pé window kan forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Subject, ẹni tó ń lò ó wá pa window yẹn dé, gbogbo wa á rò pé ó ti lọ, kò tíì lọ o, list inú Subject ṣì dì í mú, garbage collector (tó ń kó object tí ohunkóhun ò dì mú mọ́ kúrò ní memory) ò sì lè kó o dànù. Tó bá tún ṣí i, òmíì á tún wọ inú list, memory á máa kún, àwọn tó yẹ kó ti kú á ṣì máa dáhùn, iṣẹ́ tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á wá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lapsed listener ni wọ́n ń pè é, compiler ò sì ní bá yín rí i. WeakReference, tí kì í jẹ́ kí list dí garbage collector lọ́wọ́, wà ní Java lóòótọ́, àmọ́ títí garbage collector á fi dé, Observer yẹn á ṣì máa dáhùn, ìyẹn ni mi ò ṣe fi í ṣe àkọ́kọ́. Ẹni tó pe attach ni kó pe detach.

Ẹ tún wò ó, tí Observer bá yọ ara ẹ̀ kúrò nínú update, nígbà tí Subject ṣì ń fi for lọ lórí list yẹn, tó bá jẹ́ ArrayList ti Java, ConcurrentModificationException (error tó ń sọ pé wọ́n yí list padà níbi tá a ti ń lọ lórí ẹ̀) ló sábà máa ń jáde. Èyí tó burú jù ni pé tó bá jẹ́ ẹni tó wà ṣáájú ẹni tó kẹ́yìn gan-an ló yọ ara ẹ̀, kò ní sí error kankan, ẹni ìkẹyìn ò kàn ní gbọ́ nǹkan kan ni. Ẹ ṣe copy list yẹn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n, tàbí kẹ́ ẹ lo CopyOnWriteArrayList, tó ń ṣe copy fúnra ẹ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá yí i padà.

Àpẹẹrẹ yín tún lo java.util.Observable, Subject tí Java ti ṣe sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ Java 9 ti sọ ọ́ di deprecated (wọ́n ní ká má lò ó mọ́) láti 2017. Class ni, kì í ṣe interface, class tó bá ti extend ẹ̀ (tó jogún lára ẹ̀) ò lè extend class míì mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá máa tún un tẹ̀, ẹ fi test kékeré kan sí i: attach, detach, kẹ́ ẹ yí Subject padà, kẹ́ ẹ wò ó bóyá update ṣì ń ṣiṣẹ́.

Òǹkàwé yín